Ìkéde Ẹni tí ó Sá Lọ: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Glenn Ligon

Ní Amẹ́ríkà, kí òfin tó fòpin sí ìkónilẹ́rú ní 1865, bí ẹrú bá sá, olówó rẹ̀ a gbé ìkéde sínú ìwé ìròyìn. Ìkéde náà a sọ bí ẹni náà ti ga tó, aṣọ tí ó wọ̀, àpá tí ó wà lára rẹ̀, àti owó tí ẹni tí ó bá mú un yóò gbà. Irú ìkéde yìí ni Glenn Ligon, ayàwòrán aláwọ̀ dúdú tí a bí ní New York ní 1960, fi ṣe àwòkọ́ fún Runaways, àkójọ lítógíráàfù 10 tí ó ṣe ní 1993.

Ligon ní kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣàpèjúwe òun bí ẹni tí ń fi tó ọlọ́pàá létí pé òun sọnù. Ó tẹ ọ̀rọ̀ wọn bí ìkéde àtijọ́, ó sì fi àwòrán kékeré ìgbà ẹrú sí òkè rẹ̀. Níbẹ̀ ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Ọ̀rẹ́ ni àwọn tí ó sọ̀rọ̀, wọn kì í ṣe ọ̀tá. Síbẹ̀, bí a ti gbé ẹ̀wù ìkéde wọ ọ̀rọ̀ wọn, ó di ọ̀rọ̀ ẹni tí ń dọdẹ ènìyàn.

Ọ̀ràn yìí kò jìnnà sí Yorùbá. Ní Amẹ́ríkà àti ní Bùràsíìlì, irú ìkéde bẹ́ẹ̀ a máa mẹ́nu ba ilà ojú àwọn tí a bí ní Áfíríkà; àwọn Nàgó, èyíinì ni Yorùbá, sì wà lára àwọn ti Bùràsíìlì. Ilà tí ìdílé kọ fún ọmọ láti fi mọ̀ ọ́n ní tiwọn ni olówó ẹrú wá fi ń wá a. Oríkì pẹ̀lú a máa sọ bí ènìyàn ti dúdú tàbí bí ó ti ga tó, ṣùgbọ́n ilé ni oríkì ń pè é sí.

Ẹnìkan lè wí pé ọ̀rọ̀ pọ̀ ju àwòrán lọ nínú iṣẹ́ yìí, pé ojú Ligon kò tilẹ̀ hàn níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n àìhàn náà gan-an ni èsì. Àpèjúwe wọ̀nyí kò bá ara wọn mu tán. Ẹni tí ó kà wọ́n dé òpin kò lè fi wọ́n mú Ligon láàárín ọjà. Iṣẹ́ yìí yẹ ní kíkọ́ pẹ̀lú oríkì nínú kíláàsì, nítorí ó ń béèrè pé, bí a bá ń ṣàpèjúwe ènìyàn, ta ni à ń ṣe é fún, kí sì ni onítọ̀hún yóò fi ṣe?