Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ: Àtúnyẹ̀wò Èdè-Ìperí Yorùbá fún Ìwádìí Ìṣúná àti Ìlera

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ ìwádìí púpọ̀ ni àwọn onímọ̀ wa ń ṣe lórí owó àti lórí ìlera, ṣùgbọ́n àbájáde rẹ̀ kì í dé etí ará ìlú àfi bí olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò bá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ Yorùbá. Pépà yìí ṣe àtúnyẹ̀wò díẹ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀-ìperí tí a ń lò fún iṣẹ́ náà: kògbóògùn, ẹ̀jẹ̀ ríru, ibà, ọ̀wọ́ngógó, àjọ àti ìdókòwò. Ohun tí a fẹnu lé ni pé kì í ṣe bí ọ̀rọ̀ ṣe dùn tó létí, tàbí bó ṣe jẹ́ ògidì Yorùbá tó, ni ó yẹ kí a fi díwọ̀n rẹ̀, bí kò ṣe ohun tí ẹni tó gbọ́ ọ yóò ṣe lẹ́yìn tó gbọ́ ọ tán. A tún dá àbá lórí bí àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ ṣe lè jọ ṣiṣẹ́ yìí.

Ìfáàrà

Ẹni tó bá ṣí ìwé àkójọpọ̀ pépà àpérò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ yóò rí i pé oríṣiríṣi ìmọ̀ ló kún inú rẹ̀. Ẹnì kan kọ nípa owó-yíyá fún àwọn oníṣòwò kéékèèké, ẹlòmíràn kọ nípa àrùn inú omi, ẹlòmíràn nípa ìṣirò, ẹlòmíràn nípa oríkì. Ṣùgbọ́n èdè pín wọn níyà. Àwọn tó kọ nípa owó àti àrùn kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì; àwa tí a ń kọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti àṣà ni a sábà máa ń kọ. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Onímọ̀ ìṣúná kì í bi wá léèrè ohun tí ará ìlú ń gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ tó lò, àwa náà kì í sì í bi í léèrè ohun tó ní lọ́kàn gan-an.

Èyí kì bá má pa ẹnikẹ́ni lára bí àbájáde ìwádìí bá máa ń parí sórí ìwé. Kì í parí síbẹ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní láti sọ ọ́ ní Yorùbá láàárọ̀, nọ́ọ̀sì ní láti ṣàlàyé rẹ̀ fún aláboyún, akẹ́kọ̀ọ́ NCE tí a rán lọ kọ́ni ní ìlànà iṣẹ́ olùkọ́ ní láti fi yé àwọn ọmọ. Orúkọ tí wọ́n bá fà yọ lójú ẹsẹ̀ ni yóò dúró. Ìdí nìyí tí a fi gbà pé iṣẹ́ lámèyítọ́ èdè kò gbọdọ̀ mọ sórí ewì àti ìtàn àròsọ nìkan. Ó yẹ kí a máa wo ọ̀rọ̀-ìperí náà wò.

Ohun tí àwọn aṣáájú ti ṣe

Kò sí ẹni tó lè sọ pé a kò rí iṣẹ́ ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ títí tí wọ́n fi jáde, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín àwọn yòókù. Ètò náà fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn sí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ní 1984, Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé àkọ́kọ́ lórí Èdè-Ìperí Yorùbá. Ní 1990, Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú ìwé kejì. Láàárín wọn, ní 1989, Kọ́lá Owólabí gbé ìwé fònẹ́tíìkì àti fonọ́lọ́jì jáde ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gbogbo àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga lónìí, orí iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí ni a dúró sí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí iṣẹ́ náà mọ. Èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ni ìwé Bámgbóṣé dá lé. Onímọ̀ ló ń fi àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá onímọ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n yá àwọn kan lò, bíi fóníìmù àti fáwẹ́lì. Wọ́n ṣẹ̀dá àwọn mìíràn láti inú èdè wa, bí àrànmọ́ àti ìpajẹ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá pe ìpajẹ ní àrànmọ́, máàkì ni yóò sọnù, ẹ̀mí kò ní sọnù. Nínú ìlera àti ìṣúná, ọ̀rọ̀ ní láti kúrò lọ́wọ́ onímọ̀ lọ bá ẹni tí kò rí ìwé ìperí kankan rí. Nítorí náà, òṣùwọ̀n tó tó fún gírámà kò tó fún ilé ìwòsàn àti ọjà.

Orúkọ tó ti dájọ́: kògbóògùn

Nígbà tí ìròyìn nípa àrùn Éèdì kọ́kọ́ jáde ní Nàìjíríà, ní 1986, kò sí oògùn tó ká a. Àwọn oníròyìn pè é ní àrùn kògbóògùn. Ní ọjọ́ náà, òótọ́ ni wọ́n sọ. Láti 2002 ni ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò fífún àwọn tó ní kòkòrò náà ní oògùn tó ń dá a dúró. Lónìí, ẹni tó bá ń lo oògùn náà déédéé lè gbé ayé pẹ́, ó lè bímọ tí kò ní kòkòrò náà. Bí kòkòrò náà bá sì ti kéré nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ débi tí àyẹ̀wò kò rí i mọ́, kò lè kó o ran ẹnìkejì rẹ̀ nípa ìbálòpọ̀. Òótọ́ ni pé oògùn kò tíì lè lé e kúrò lára pátápátá. Ṣùgbọ́n ó gbóògùn. Ẹni tí a sọ fún pé àrùn rẹ̀ kò gbóògùn, kí ni yóò máa lọ gba oògùn fún?

Ẹ fi èyí wé orúkọ kejì: kòkòrò apa-sójà-ara. Ọ̀rọ̀ tí a yá, sójà, wà nínú rẹ̀, àwọn kan sì lè torí bẹ́ẹ̀ fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Síbẹ̀, orúkọ yìí ló ń kọ́ni. Ó sọ pé ara ní àwọn tó ń ṣọ́ ọ, ó sọ ohun tí kòkòrò náà ń ṣe sí wọn, ó sì ṣílẹ̀kùn fún àlàyé tó kù: oògùn kì í jẹ́ kí kòkòrò náà pọ̀ sí i, àwọn sójà yóò sì tún gbérí. Ògidì Yorùbá ni kògbóògùn, ṣùgbọ́n adámọ́dì tó ní sójà nínú yìí ló sàn fún aláìsàn. Herbert Igboanusi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe àkójọ èdè-ìperí fún Éèdì àti Ebola ní Haúsá, Igbo àti Yorùbá. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni a nílò sí i ní àwọn ẹ̀ka mìíràn.

Orúkọ tó ṣini lọ́nà: ẹ̀jẹ̀ ríru àti ibà

Ohun tó bá ń ru, à ń rí i. Ẹmu ń ru, òkun ń ru. Ohun tó ru yóò sì rọlẹ̀ tó bá yá. Ẹni tó gbọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru yóò rò pé òun yóò mọ̀ ọ́n lára bó bá ti ń ru, yóò rò pé ìbínú àti ìrònú ló fà á, yóò sì rò pé bí ara bá ti tu òun, ó ti rọlẹ̀, kò sí oògùn tí òun tún ń lò. Ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn sọ yàtọ̀ sí èyí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àìsàn yìí ni kì í mọ ohunkóhun lára. Wíwọ̀n nìkan la fi ń mọ̀ ọ́n. Bí a bá wọ̀n ọ́n léraléra tó sì tó 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, dókítà yóò sọ pé ó wà. Ọ̀pọ̀ ló sì ní láti lo oògùn rẹ̀ títí ayé, àgàgà lọ́jọ́ tí ara tù wọ́n. Gbogbo ohun tí orúkọ náà ń sọ fún aláìsàn ló lòdì sí ohun tí dókítà fẹ́ kó ṣe.

Ìṣòro ibà yàtọ̀. Orúkọ àgbà ni ibà, ó sì bí ọmọ púpọ̀: ibà pọ́njú, ibà taifọ́ọ̀dù, ibà Lásà. Ìlànà yìí dára, nítorí ó fi hàn pé ara gbígbóná pa wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ibà bá dá dúró láìní ọmọ lẹ́yìn, èyí tí ẹ̀fọn ń fà ni gbogbo wa ń gbọ́. Ẹ̀fọn kọ́ ló ń fa taifọ́ọ̀dù. Oúnjẹ àti omi ẹlẹ́gbin ni. Ibà Lásà, tí a fi orúkọ ìlú Lassa ní Borno pè láti 1969, ara eku ló ti ń wá, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì jọ ibà lásán. Ẹni tó bá sọ pé “ibà lásán ni” lè lo oògùn ibà fún ọjọ́ mélòó kan nílé nígbà tí àkókò ìtọ́jú ń lọ.

Ọ̀rọ̀ owó: ọ̀wọ́ngógó, àjọ, ìdókòwò

Ní oṣù Kejìlá 2024, iye tí àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè, NBS, gbé jáde fún ọ̀wọ́ngógó jẹ́ 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù Kìíní 2025, ó di 24.48, lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ ọdún ìpìlẹ̀ ìṣirò náà láti 2009 sí 2024. Bí a bá kéde èyí ní Yorùbá pé ọ̀wọ́ngógó ti já wálẹ̀, kí ni ìyá aláta yóò gbọ́? Yóò gbọ́ pé ọjà ti wọ́n kù. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn onímọ̀ ń wọ̀n ni bí iye owó ọjà ṣe ń yára gòkè sí. Ká ní kóńgò gàrí jẹ́ ₦1,000. Bí ìlọsókè ọdún kan bá jẹ́ 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di ₦1,300. Bí ti ọdún kejì bá dínkù sí 20, ó di ₦1,560. “Ọ̀wọ́ngógó” dínkù, gàrí sì tún wọ́n sí i. Ìyá aláta kò ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Àwa la ṣi ọ̀rọ̀ lò. Bí a bá pè é ní ìyára ọ̀wọ́ngógó, tí a sì sọ pé ọjà ṣì ń gòkè ṣùgbọ́n eré rẹ̀ ti dínkù, irọ́ kò ní sí níbẹ̀. Nǹkan tó wà nídìí rẹ̀ ju gàrí lọ. Ẹni tó ti gbà pé rédíò parọ́ fún òun nípa ọjà kò ní tètè gbà á gbọ́ nígbà tó bá kìlọ̀ nípa onígbáméjì.

Ní ti àjọ, àwọn olùwádìí kan máa ń túmọ̀ gbogbo ìfowópamọ́ ìbílẹ̀ sí i. William Bascom ti kọ pépà lórí èsúsú láti 1952. Nínú èsúsú, ẹgbẹ́ ń dáwó jọ, ẹnì kan sì ń kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, títí yóò fi kárí. Ẹni tó kọ́kọ́ kó o ti jẹ gbèsè. Ẹni tó kó o kẹ́yìn ló fi owó pamọ́. Nínú àjọ, owó onítọ̀hún ni alájọ ń bá a kó jọ, yóò yọ owó iṣẹ́ rẹ̀, yóò sì dá ìyókù padà. Ewu méjèèjì kò jọra. Ìwádìí tó bá pa wọ́n pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan kò lè sọ irú ààbò tó yẹ fún ẹnikẹ́ni.

Ìdókòwò ní tirẹ̀ fi hàn pé ọ̀rọ̀ lè gbọ́n ju àwa tí a ń lò ó lọ. Okòwò wà nínú rẹ̀, ibi tí okòwò bá sì wà, ọjà ní láti wà níbẹ̀. Kí MMM tó ti owó àwọn ènìyàn mọ́lẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2016, ìdókòwò ni ọ̀pọ̀ ń pè é. Bí a bá ti bèèrè ohun tí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń bèèrè, pé kí ni wọ́n ń tà, ta ló ń rà á, à bá ti rí i pé owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n ń san fún ẹni tó ti wà níbẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ takò wá

Ẹnì kan lè sọ pé orúkọ kò ní láti jẹ́ òótọ́ kó tó wúlò. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ibà ní malaria, ọ̀rọ̀ Ítálì tó túmọ̀ sí afẹ́fẹ́ burúkú, wọ́n sì mọ̀ pé ẹ̀fọn ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ malaria kò gbọ́ afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó sọ ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́ ẹ̀jẹ̀, ó sì gbọ́ ríru. Ìtumọ̀ ṣì wà láàyè nínú ọ̀rọ̀ wa. Ẹwà rẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni ewu rẹ̀ wà. Ẹlòmíràn lè ní kò sí ẹni tó lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ará ìlú. A gbà. A kò sọ pé kí a pa ibà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ́. Ohun tí a sọ ni pé kí onímọ̀ má ṣe fi wọ́n sílẹ̀ lásán. Ó lè sọ pé “ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn tí a kì í mọ̀ lára”, kó sì máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi di bárakú.

Àbá

Èkíní, kí gbogbo pépà lórí ìlera, owó àti iṣẹ́ àgbẹ̀ tó bá wọ inú ìwé àpérò bí èyí ní àṣamọ̀ ní ọ̀kan nínú àwọn èdè wa, ìbáà ṣe Haúsá, Igbo tàbí Yorùbá. Èkejì, kí onímọ̀ ẹ̀ka náà àti onímọ̀ èdè jọ jókòó kọ ọ́. Ẹ̀kẹta, kí a kà á sí etígbọ̀ọ́ àwọn tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ kí a tó tẹ̀ ẹ́, kí a má sì bi wọ́n bóyá ó yé wọn, nítorí wọn yóò ní ó yé àwọn. Kí a bi wọ́n pé: kí lẹ máa ṣe báyìí? Ẹ̀kẹrin, kí a máa kọ ọdún tí a ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí a lè mọ èyí tí ìmọ̀ tuntun ti sọ di irọ́, bó ti sọ kògbóògùn dà.

Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé àṣìṣe inú ọ̀rọ̀-ìperí kì í ṣe ọ̀kan náà. Kògbóògùn ti dájọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru ṣini lọ́nà, ibà àti àjọ lu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nǹkan pọ̀, ọ̀wọ́ngógó sọ ìwọ̀n di ìyára. Àwọn aṣáájú wa fi hàn pé Yorùbá lè gba ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Iṣẹ́ tó kù fún wa ni kí ìmọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó nílò rẹ̀ láìṣì í lọ́nà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ tí a ń kọ́ níbí bá dé ilé-ẹ̀kọ́ tí a rán an lọ, tó sì lè sọ fún àwọn ọmọ pé kí ìyá wọn àgbà má ṣe dá oògùn rẹ̀ dúró nítorí pé ara ti tù ú, pépà yìí ti ṣiṣẹ́ rẹ̀.