Ìtìjú Àkànní

Nínú Abẹ́ni, fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe lọ́dún 2006, ìfẹ́ ọmọdé kò rí àyè pẹ́. Àkànní kì í ṣe ọmọ olówó. Abẹ́ni ni ọmọ olówó. Lọ́jọ́ tí Abẹ́ni ń ṣọdún kẹwàá tí wọ́n bí i, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dójú ti Àkànní. Ó fi Èkó sílẹ̀, ó di ará Kútọnu.

Ẹ wo bí okùn ìfẹ́ náà ṣe já. Kèlání ti ń ya fíìmù fún àwọn ẹlòmíràn tipẹ́ kó tó máa darí tirẹ̀, ó sì mọ̀ pé ìtìjú ọmọdé tó ohun tí a lè gbé odindi ìtàn lé lórí. Ṣáájú Abẹ́ni, lọ́dún 1994, Cheik Doukouré ará Guinea ti fi ọmọdé mìíràn, Bandian, hàn wá nínú fíìmù Le Ballon d'or, ọmọ abúlé tí bọ́ọ̀lù fà jáde nílé. Mo fẹ́ràn fíìmù náà gan-an. Ṣùgbọ́n Abẹ́ni ló mọ ilé wa ní Benin.

Nígbà tí Abẹ́ni àti Àkànní tún pàdé, oníkálukú ti ní àfẹ́sọ́nà. Gẹ̀ẹ́sì ti wọ ẹnu ẹni tó dàgbà l'Ékòó, Faransé ti wọ ẹnu ẹni tó dàgbà ní Kútọnu. Yorùbá ìgbà èwe ló kù tí wọ́n lè fi wá ara wọn. Amzat Abdel Hakim ló ṣe Àkànní. Ọmọ Benin ni, iléeṣẹ́ rẹ̀, Laha Productions, ló sì bá Mainframe, iléeṣẹ́ Kèlání, pawọ́ pọ̀ ṣe iṣẹ́ náà. Fíìmù náà ń ti inú èdè kan bọ́ sí òmíràn bí a ti ń ṣe é níbí gan-an, kò sì sẹ́ni tó dúró ṣàlàyé fún wa.

Ẹni tó bá kàwé ní agbègbè Tchaourou wa mọ bí èdè ṣe ń yí bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ a sọ Yorùbá nílé, a gbọ́ Ìbàrìbá lọ́jà, a wọ kíláàsì bá Faransé. Tó bá ń kọ̀wé sí ọmọbìnrin tó wù ú, Faransé ni yóò fi kọ ọ́. Tó bá wá gbá bọ́ọ̀lù wọlé lójú ọmọbìnrin náà, Yorùbá ni yóò fi pariwo.

Ó wù mí kí ẹnìkan nínú wa gbé kámẹ́rà lọ sí pápá ilé-ìwé kan lẹ́bàá ọ̀nà rélùwéè wa, kó ya ariwo yẹn.