Ọ̀pó àti Ilẹ̀kùn Ọlọ́wẹ̀ ní Ààfin Ìkẹ́rẹ́

Àwọn tí ń yẹ iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ wò sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi ọwọ́ rẹ̀: bí ó ti mọ igi í gbẹ́ tó, àti bí ère rẹ̀ ti ń yọ jáde lára pákó bí ẹni tí ó fẹ́ rìn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Gbẹ́nàgbẹ́nà yìí, tí a bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní nǹkan bí ọdún 1873, tí ó sin Arínjálẹ̀ ní Ìsẹ̀, tí ó sì kú ní 1938, kò gbẹ́ ohun tí a ó gbé sórí tábìlì fún Ògògà Ìkẹ́rẹ́. Ilé ni ó ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ilé náà ni ó sì yẹ kí a fi wọn iṣẹ́ rẹ̀.

Àkòdì ni ọkàn irú ilé ọba bẹ́ẹ̀. Orùlé yí àgbàlá ká ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, etí rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Ojú ọ̀run kan náà ni òjò àti ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Òjò a dà sí àárín àgbàlá, a sì gba ojú ìṣàn jáde. Ìmọ́lẹ̀ ní tirẹ̀ a kọ́kọ́ kan ilẹ̀, kí ó tó ta padà sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó ṣókùnkùn díẹ̀. Nínú irú ìmọ́lẹ̀ yìí, ọnà tí a fín pẹlẹbẹ kò lè hàn dáadáa. Nítorí náà, ẹni tí ó bá pe gbígbẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ igi jìn ní àṣehàn kò rò ó dé ibi tí ó yẹ. Ohun tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń béèrè ni ó fi fún un.

Láàrin 1910 àti 1914 ni ó gbẹ́ àwọn ọ̀pó ààfin náà. Lórí èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù, ọba jókòó, olorì àgbà dúró lẹ́yìn àga rẹ̀, ó sì ga jù ú lọ fíìfíì. Ẹyẹ bà lé ṣóńṣó adé. Ẹni tí ó bá rí i lè rò pé kíkéré tí ọba kéré jẹ́ àbùkù sí i. Èrò àlejò nìyẹn. Olorì àgbà ni ó ń gbé adé lé ọba lórí. Ta ni ìbá tún dúró lẹ́yìn àga? Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí ó dúró ni yóò gbé orùlé. Bí ó bá jẹ́ pé ọba ni Ọlọ́wẹ̀ fi gbé e, ọba ìbá di alárù nínú ilé ara rẹ̀. Àlàfo tí ó fi sílẹ̀ láàrin àwọn ère náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú: ojú àti afẹ́fẹ́ ń gbà á kọjá, ọ̀pó kò sì sọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ di ẹ̀wọ̀n. Àléébù kan ni kò ṣeé fi pamọ́. Ohun tí ó bá yọ síta jù nínú ilé tí ènìyàn ń rìn kiri yóò fara gbá. Ère kékeré kan ti sọnù lára ọ̀pó yìí.

Ilẹ̀kùn náà jẹ́ abala méjì. Ògògà wà lórí ọ̀kan, ó gúnwà. Aláṣẹ òyìnbó wà lórí èkejì, nínú ohun tí àwọn alárù gbé e sí. Nígbà tí a bá ti ilẹ̀kùn, àwọn méjèèjì pàdé. Nígbà tí a bá ṣí i, wọ́n pínyà. Ní 1924 a kó o lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley, British Museum sì gbà á, wọ́n fi àga ọba tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dí i. Àga náà dára láti jókòó lé, ṣùgbọ́n kò ṣeé tì ní alẹ́, kò sì lè sọ ìtàn fún ẹni tí ń dúró dè ọba.

Láti 1984 ni ọ̀pó náà ti wà ní Art Institute of Chicago. Ẹni tí ó bá lọ síbẹ̀ yóò dúró wò ó, yóò sì yí i ká. Ní Ìkẹ́rẹ́, láti orí ìkúnlẹ̀ tàbí ìdọ̀bálẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbójú sókè sí i.