Ẹni Tó Wọn Ojú Fóònù Kò Tíì Wọn Ojú Ọjọ́

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2010, Ethan Marcotte, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń ṣètò ojú-ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn A List Apart. Ẹjọ́ tó rò níbẹ̀ kò gùn. Ó ní kí a yéé ṣe ojú-ìwé kan fún kọ̀ǹpútà, kí a tún máa ṣe òmíràn fún fóònù; ẹyọ kan náà ni kí a ṣe, kí ó máa fẹ̀, kí ó sì máa súnkì, bí ẹ̀rọ tó bá bá ara rẹ̀ nínú rẹ̀ bá ṣe rí. Ohun èlò mẹ́ta ló gbé kalẹ̀: ìlà tí a fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún wọ̀n, àwòrán tó ń gba ìwọ̀n àyè tó bá rí, àti àṣẹ kékeré kan tó ń bi ẹ̀rọ pé báwo ló ṣe fẹ̀ tó. Ọdún mẹ́wàá ṣáájú, nínú ìwé ìròyìn yẹn kan náà, John Allsopp ará Ọsirélíà ti kìlọ̀ pé kí a má ṣe bá íntánẹ́ẹ̀tì lò bí ẹni ń bá bébà lò, nítorí bébà ní ìwọ̀n, íntánẹ́ẹ̀tì kò ní. Marcotte ló wá fi hàn bí a ṣe lè ṣe é. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi di òfin, débi pé ẹni tó bá ń kọ́ iṣẹ́ ìṣètò ojú fóònù lónìí, ibẹ̀ ni wọ́n máa mú un bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí Marcotte ti mú èrò rẹ̀ ni a kì í sábà dúró lé. Ọ̀dọ̀ àwọn ayàwòrán ilé ló ti yá a. Àwọn kan láàárín wọn ń dán yàrá kan wò tó ń mọ̀ pé èèyàn wọlé, tí ògiri rẹ̀ lè tẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ àti ooru inú rẹ̀ ń yí padà bí èrò bá ṣe ń pọ̀ sí i. Èèyàn ni yàrá yẹn ń dá lóhùn. Ohun tó dé ọwọ́ wa, gíláàsì ló ń dá lóhùn. Mi ò sọ pé Marcotte jẹ̀bi. Ohun tí ẹ̀rọ ìgbà yẹn lè sọ fún un nípa ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju fífẹ̀ àti gíga lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó rọrùn láti wọ̀n ti gba ipò ohun tó yẹ ká wọ̀n. Bí a bá yọ àwọn fóònù olówó ńlá tó ń ká sí méjì sẹ́yìn, fífẹ̀ ni ohun tí kì í yí padà lára fóònù láti àárọ̀ di alẹ́. Oòrùn ń yí, bátìrì ń lọ sílẹ̀, dátà ń tán, ọwọ́ ń tutù, ẹni tó jókòó tini ń pààrọ̀. Àríwísí mi sí iṣẹ́ ọnà yìí kò ju ìyẹn lọ: ó ti mọ bí a ṣe ń bá oríṣiríṣi fóònù ṣe, kò tíì mọ bí a ṣe ń bá oríṣiríṣi wákàtí fóònù kan ṣoṣo ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá aláta kan ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn. Aago kan ọ̀sán ni, oòrùn ń mú ganrín-ganrín. Oníbàárà kan ní òun ti fi owó ránṣẹ́, ó sì na fóònù tirẹ̀ kí ìyá fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ìyá mọ̀ pé àlááàtì ayédèrú pọ̀ nígboro, nítorí náà fóònù tara rẹ̀ ló fẹ́ wò. Omi ata wà lọ́wọ́ rẹ̀. Iná mànàmáná díẹ̀ tí awọ ẹ̀dá ń gbà ni gíláàsì fóònù òde òní fi ń mọ ìka, omi sì máa ń dà á láàmú, nítorí náà ìyá ní láti kọ́kọ́ nu àtàǹpàkò sára ìró. Ó ṣí áàpù báǹkì. Lẹ́tà aláwọ̀ eérú ni wọ́n kọ sórí funfun, èyí tó lẹ́wà gan-an nínú yàrá tí wọ́n ti ṣe é. Oòrùn ti fọ̀ ọ́ dànù. W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, ní kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó wà láàárín lẹ́tà kékeré àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ má dín ní 4.5 sí 1. Ìwọ̀n yẹn dára, àmọ́ nítorí àwọn tí ojú wọn kò ríran dáadáa ni wọ́n ṣe là á kalẹ̀, kò sọ nǹkan kan nípa oòrùn Bódìjà, níbi tí ẹni tí ojú rẹ̀ mọ́ gaara ti ń ṣẹ́jú pàkòpàkò. Síìmù méjì ló wà nínú fóònù ìyá: dátà ti ọ̀kan dínwó, èkejì ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kì í sá nígbà tí ọjà bá kún. Èyí tó dínwó ló wà lẹ́nu iṣẹ́ báyìí. Áàpù ń yí, ó ń yí. Oníbàárà méjì mìíràn ti dúró lẹ́yìn ti àkọ́kọ́.

Kò sí ọ̀kan nínú ìdààmú yìí tí ìbéèrè nípa fífẹ̀ lè yanjú. Ojú-ìwé náà bá fóònù mu wẹ́kú.

Ní 2013, Steven Hoober, tó ń ṣètò ojú fóònù, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ jáde lọ wo bí àwọn èèyàn ṣe ń mú fóònù ní ìta gbangba. Àkíyèsí 1,333 ni wọ́n kó jọ; láàárín àwọn tó ń fọwọ́ kan ojú fóònù, ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo lò ó. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó mú kí bọ́tìnnì máa sọ̀ kalẹ̀ síbi tí àtàǹpàkò lè dé. Èmi fẹ́ kí wọ́n fi ìbéèrè kan kún un: kí ló wà ní ọwọ́ kejì? Ọmọ ni, àbí irin dáńfó, àbí ṣéńjì tí kọ́ńdọ́kítọ̀ ń dúró dè? Ohun tó wà ní ọwọ́ kejì ló ń pinnu bí ojú ṣe lè pẹ́ tó lára fóònù.

Àwọn tó wo ọwọ́ kejì ti wà rí. Nokia 1100 tó jáde ní 2003 kò ní kámẹ́rà, kò ní àwọ̀ lójú, ṣùgbọ́n tọ́ọ̀ṣì wà lórí rẹ̀, wọ́n sì bo bọ́tìnnì rẹ̀ kí eruku má bàa wọlé. Èyí tí wọ́n tà lé ní mílíọ̀nù 250. Ẹni tó fi tọ́ọ̀ṣì sórí fóònù ti mọ̀ pé iná yóò lọ, pé ẹni tó ni fóònù máa wà lójú ọ̀nà nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ yẹn rán àwọn aṣèwádìí bíi Jan Chipchase káàkiri, wọ́n sì lọ wo bí àwọn ará Uganda ṣe ń pín fóònù kan lò láàárín ara wọn. Nígbà tí Nokia 1200 jáde ní 2007, ìwé nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, kí olúkúlùkù tó ń lò ó lè ní tirẹ̀, a sì lè fi gbèdéke sí ìpè kan. Ẹ̀yin òǹkàwé tó ti gbàgbé, ẹ rántí pé nígbà tí GSM dé Nàìjíríà ní 2001, abẹ́ agboòrùn ni ọ̀pọ̀ ti ń ra ìpè ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Fóònù òde òní ti gbàgbé gbogbo èyí. Ó gbà pé ojú kan àti ìka kan ló ni òun. Nínú ilé tí ọmọ ti ń bá ìyá rẹ̀ ka àlááàtì, tó sì mọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ lórí, irọ́ ni ìgbàgbọ́ yẹn.

Opera Mini, áàpù tí a fi ń ka íntánẹ́ẹ̀tì, tí àwọn ará Norway gbé jáde fún gbogbo ayé ní 2006, gba ọ̀nà mìíràn. Kọ̀ǹpútà ńlá kan níbòmíràn ló ń ka ojú-ìwé, tó ń fún un pọ̀, kó tó fi ránṣẹ́ sí fóònù, nítorí náà fóònù tí kò lágbára kankan náà ń ka íntánẹ́ẹ̀tì. Àbùkù rẹ̀ ni pé ojú-ìwé tó bá ní ìlò tó díjú máa ń fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé ẹlòmíràn dúró láàárín ìwọ àti ohun tí ò ń kà.

Lẹ́yìn náà ni ìgbà Lite dé, ìyẹn ẹ̀dà áàpù tó fúyẹ́. Facebook Lite jáde ní 2015, Twitter Lite ní 2017, Google sì kéde Android Go lọ́dún 2017 kan náà fún fóònù tí ìrántí rẹ̀ kéré. Ní 2015, Facebook tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láǹfààní láti lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń fà bíi 2G fún wákàtí kan ní ọjọ́ ìṣẹ́gun, kí wọ́n lè mọ bó ṣe rí lára ẹlòmíràn. Mo kí wọn. Síbẹ̀ àṣìṣe ńlá kan wà nínú èrò Lite: ó sọ ìgbà di irú ènìyàn. Ó ní àwọn kan ni ẹni dátà kékeré, àwọn kan ni ẹni dátà púpọ̀, kí a rán aṣọ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Akọ̀wé tó ní WiFi níbi iṣẹ́ láàárọ̀ ni yóò wà nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ní irọ̀lẹ́ pẹ̀lú bátìrì ìdá mẹ́fà. Ẹni kan náà ni. Àwọn àgbà ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa difá ọrọọrún. Ìṣètò Lite difá lẹ́ẹ̀kan, lọ́jọ́ tí o gbé áàpù sórí fóònù.

Mo wá fẹ́ gbèjà ohun kan tí kò sí aṣètò tó ń fi yangàn: USSD. Ẹ tẹ nọ́ńbà báǹkì bíi *737# tàbí *894#, ìlà ọ̀rọ̀ yóò yọ, pẹ̀lú nọ́ńbà níwájú ohun tí ẹ lè yàn. Kò gba dátà. Kò ní àwòrán, lẹ́tà tí ojú-ìwé rẹ̀ kan lè gbà kò ju 182 lọ. Inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ló ń gbé, nítorí náà fóònù tọ́ọ̀ṣì àti iPhone tuntun ń rí ohun kan náà. Lẹ́tà tí ẹni tó ni fóònù ti yàn ló fi ń kọ̀wé. Ẹni tó bá sọ lẹ́tà fóònù rẹ̀ di ńlá, USSD gbọ́ ọ. Nípa àìbéèrè ohunkóhun, ó bá gbogbo fóònù mu ju ọ̀pọ̀ áàpù tí wọ́n fi oṣù púpọ̀ ṣe lọ. Mo mọ̀ pé ìyìn yìí máa dun àwọn aṣètò kan, kí wọ́n má bínú.

Ibi tó ti kùnà ni àárín. Àkókò tó ń fúnni kò gùn, bí ìpè bá wọlé tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, gbogbo ohun tí o ti yàn ti lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí náírà tuntun kò kárí tí wọn ò sì fẹ́ gba ti àtijọ́ mọ́, gbogbo ìlú ya wọ inú fóònù lẹ́ẹ̀kan náà, áàpù àti USSD sì ń dákú. Dídákú kọ́ ló burú jù. Ohun tó burú ni pé èèyàn kò mọ̀ bóyá owó ti kúrò. Ṣé kí ó tún fi ránṣẹ́? Ṣé kí ó dúró? Ẹni tó ń tajà kò jẹ́ kó lọ, ẹni tó ń rà kò ní owó míì.

Ẹ fi WhatsApp wé e. Ọ̀rọ̀ tí o kọ nígbà tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní aago kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ń dúró, kò béèrè pé kí o tún un kọ. Bó bá ti kúrò, àmì ẹyọ kan; bó bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí o kọ ọ́ sí, méjì. Ní 2014, wọ́n fi àwọ̀ búlúù kún un fún èyí tí wọ́n ti kà. Ìyá tí kò kàwé rí mọ ìtumọ̀ àwọn àmì yìí, ó sì ń fi ṣe ẹ̀rí nígbà ìjà. Ohun tí iṣẹ́ yìí ṣe tí ti báǹkì kò ṣe ni pé ó gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa já, ó wá fún jíjá náà ní ojú tí a lè rí.

Èdè pàápàá wà lára ohun tó yí ìlò fóònù ká, iṣẹ́ ọnà yìí kò sì ṣe dáadáa fún wa níbẹ̀. Ẹyọ SMS kan ń gba lẹ́tà 160, bí gbogbo rẹ̀ bá wà nínú tábìlì lẹ́tà tí àwọn tó ṣe GSM là kalẹ̀ ní Yúróòpù. Nínú tábìlì náà, à, è, é, ì, ò àti ù wà, nítorí pé àwọn èdè Yúróòpù ń lò wọ́n. Kò sí á, kò sí í, kò sí ó, kò sí ú. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí níbẹ̀ rárá. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn bá wọ inú SMS, gbogbo rẹ̀ yóò bọ́ sí tábìlì mìíràn, ẹyọ kan kò sì ní gba ju lẹ́tà 70 lọ mọ́. Báǹkì tó bá fẹ́ kọ àlááàtì ní Yorùbá tó dára lè san ju owó ìlọ́po méjì lọ. Ẹni tó ń ṣọ́ owó yóò yọ àmì dànù. Kódà lórí fóònù ọlọ́gbọ́n, ẹ́ àti ọ́ kò ní ààyè odidi kan nínú Unicode. Àmì ni fóònù ń gbé lé lẹ́tà lórí, bí àwọn tó ṣe lẹ́tà náà kò bá sì ro tiwa, àmì yóò ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó di àpótí òfìfo.

Àwọn ará ọjà kò dúró de ẹnikẹ́ni. Fóísì nóòtì ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, pẹ̀lú gbogbo ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tí kíbọọ̀dù kọ̀ fún wọn. Ohùn ní ìṣòro tirẹ̀: a kò lè fi ojú yẹ̀ ẹ́ wò, gbogbo ẹni tó wà nítòsí ló sì ń gbọ́ ọ. Àmọ́ gbé fóònù sí etí nígbà tí fóísì nóòtì ń sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, ohùn yóò kúrò lórí sípíkà, yóò bọ́ sí inú etí rẹ nìkan. Ẹ̀yà kékeré tó ń mọ̀ pé nǹkan sún mọ́ ojú fóònù ló ṣe é. Kò sí bọ́tìnnì, kò sí ìbéèrè, ìyá aláta kò sì ní láti nu ọwọ́ kó tó ṣe é. Àlááàtì báǹkì kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń wá báyẹn.