Òòlù Ọ̀gá Mi Lórí Káàsì

Ní ibi ìrin-ẹ̀gẹ́ kan lọ́nà Ìsẹ́yìn sí Òkèhò, púlì ẹ̀rọ Lister kan wà tí ọ̀gá wẹ́dà mi jó nígbà tí ọwọ́ púlì náà sán. Ọ̀gá ti sùn lọ, púlì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ojú àpá rẹ̀ kò dán, àmì orí òòlù wà lára rẹ̀ wẹ́wẹ́. Bí mo ṣe rí i báyìí ni mo mọ ọwọ́ tó ṣe é, ìdí sì nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Kò sí wẹ́dà tí kò lè jó géètì. Káàsì, irú irin tí púlì yẹn jẹ́, la fi ń mọ ọ̀gá. Kábọ́ọ̀nù inú irin géètì kò tó nǹkan, ti káàsì sì máa ń tó 2 sí 4 nínú 100. Èyí ló sọ ọ́ di olóríkunkun: kì í tẹ̀, kì í nà, kíkán ló mọ̀. Ibi tí o jó á máa súnkì bó ṣe ń tutù, á máa fa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ra, ẹ̀gbẹ́ kò ní gbà. Wàá kàn gbọ́ "tín!" ni, ó ti tún sán.

Mi ò ní sọ ti gíráńdà tí wọ́n fi ń la ojú sísán, tàbí ti ihò tí wọ́n ń dá sí ìkángun rẹ̀ kó má baà rìn síwájú. Ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ mọ ìyẹn. Òòlù ni mo fẹ́ sọ.

Ẹlẹ́kítíróòdù níkẹ́ẹ̀lì ni Ọ̀gá fi ń jó káàsì, kì í sì í jó ju ìwọ̀n oríkèé ìka kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ti gbé ọwọ́ kúrò báyìí, òòlù kékeré olórí róbótó ti dé. Á máa ta ojú jíjó náà tẹ̀ẹ̀tẹ̀ẹ̀, ọrùn ọwọ́ nìkan ló fi ń ṣe é, èjìká kò mọ̀ sí i. Irin tó fẹ́ súnkì, òòlù ń nà án padà, kò wá ní rí agbára tí yóò fi fa káàsì ya. Bó bá sì ti tutù jù, òòlù yẹn kan náà ni yóò là á. Etí ni Ọ̀gá fi ń mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró. Tí irin bá gbóná, ìró òòlù máa ń wúwo. Bó ṣe ń tutù ni ohùn rẹ̀ ń lé sókè. "Ṣé o gbọ́ ọ?" ló máa ń bi mí, kó tó gbé òòlù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó di dídúró. Bí àtẹ́lẹwọ́ kò bá tíì lè gbé ara irin náà, a ò ní jó òmíràn.

Mo rántí ìyá kan tó wá jókòó tì wá lẹ́yìnkùlé Ọ̀gá lálẹ́, ẹ̀gẹ́ tó ti bó wà nílé.

"Ọ̀gá wẹ́dà, ẹ̀gẹ́ mi ń bàjẹ́ o."

"Ẹ má bínú, Màmá. Tí mo bá gbé irin yìí fún yín lálẹ́ yìí, ẹ óò gbé e padà wá fún mi."

Ó bo irin náà mọ́ inú eérú títí ilẹ̀ fi mọ́.

Lónìí, ẹlẹ́kítíróòdù tí wọ́n fi ń jó irin ojú fèrèsé ni àwọn wẹ́dà kan ń fi sí káàsì. Wọ́n á da omi sí i kí oníbàárà lè tètè máa lọ, wọ́n á fi pọ́tì dí i, wọ́n á kùn ún lọ́dà. Inú máa ń bí mi. Jíjó bẹ́ẹ̀ á gba kábọ́ọ̀nù lára káàsì, á le débi pé dírìlì kò ní wọ̀ ọ́ mọ́, àgbẹ̀ á sì dá owó lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí iṣẹ́ oko wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Lóòótọ́ níkẹ́ẹ̀lì wọ́n; kí wọ́n sọ fún oníbàárà, kó yàn fúnra rẹ̀. Mi ò bá ẹ̀rọ wẹ́dà kékeré tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká jà, mo ní ọ̀kan. Ìkánjú ni mo ń bá jà.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ, bí Ọ̀gá ṣe kọ́ wa ni kó ṣe: kó wá àlòkù púlì, kó fọ́ ọ, kó jó o, kó tún fọ́ ọ. Bó bá kán lójú ibòmíràn, ọwọ́ rẹ̀ ti ń bọ̀ sípò. Bó bá kán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó jó gan-an, òòlù ti pẹ́ jù nìyẹn, tàbí kò dúró kó tutù kó tó jó òmíràn.