Ipò Ibi Iṣẹ́ àti Ìṣọwọ́ṣiṣẹ́ Òṣìṣẹ́ Ilé-Ìkàwé Yunifásítì: Àríwísí lórí Tíọ́rì Herzberg

Orí tíọ́rì Frederick Herzberg ni ọ̀pọ̀ ìwádìí nípa ìṣọwọ́ṣiṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé dúró lé. Herzberg, Mausner àti Snyderman gbé e jáde ní ọdún 1959. Wọ́n pín ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sí ọ̀nà méjì. Àṣeyọrí, ìyìn, ìgbéga àti iṣẹ́ náà gan-an ló ń mú orí òṣìṣẹ́ yá. Owó-oṣù, ọ̀gá àti ipò ibi iṣẹ́ kàn yí iṣẹ́ ká ni. Bí wọ́n bá dára, òṣìṣẹ́ kò ní kùn, ṣùgbọ́n wọn kò lè sọ ọ́ di akíkanjú.

Tíọ́rì yìí fi hàn pé owó nìkan kọ́ ni ènìyàn ń torí rẹ̀ ṣiṣẹ́. Òótọ́ sì ni. Àmọ́ ó ní àléébù méjì. Àkọ́kọ́, ẹnu ẹnjiníà àti oníṣirò-owó 203 ní agbègbè Pittsburgh ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Victor Vroom sì tọ́ka sí i ní 1964 pé ènìyàn a máa gba oríyìn àṣeyọrí fún ara rẹ̀, a sì máa di ẹ̀bi ìkùnà ru àyíká.

Èkejì ló kan ilẹ̀ Àkókó. Láti ọdún 1999 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti gbé yunifásítì tí à ń pè ní Adékúnlé Ajásin lónìí wá sí Àkùngbá, tí ọmọ Ìkàrẹ́, Ọ̀kà tàbí Ìpè kò fi ní rìn jìnnà kí ó tó kàwé. Ní irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lónìí, inú kọ̀ǹpútà ni kátálọ́ọ̀gù ń wà, orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni ọ̀pọ̀ jọ́náàlì wà. Bí iná bá kú, kì í ṣe ìgbádùn òṣìṣẹ́ ló dínkù. Iṣẹ́ náà gan-an ló dúró. Bí òrùlé bá ń jò, ìwé tí wọ́n gbà á síṣẹ́ láti tọ́jú ló ń bàjẹ́. Ààlà tí Herzberg fà sáàrin iṣẹ́ àti ibi iṣẹ́ kò fìdí múlẹ̀ níbí.

Ewu ibẹ̀ ni pé aláṣẹ lè fara pamọ́ sẹ́yìn tíọ́rì yìí, kí ó pe àìsí irinṣẹ́ ní ọ̀lẹ, kí ó sì fi du òṣìṣẹ́ ní ìgbéga. Àgbẹ̀ Àkókó kan kò ní gbà kí wọ́n gba ọkọ́ lọ́wọ́ òun tán, kí wọ́n tún wá máa ka ebè tí òun kọ. Nítorí náà, kí olùwádìí tó díwọ̀n akitiyan òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ka iye wákàtí tí iná fi wà.