Ìka Méjì Tó Sáré ju Mẹ́rin Lọ: Àyẹ̀wò Ọwọ́ Òsì Onígìtá

Bí onígìtá bá gun orí pèpéle, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ìka lórí ọrùn gìtá bí aláǹtakùn tí a da omi gbígbóná sí lára, ariwo ni àwọn èrò ìwòran fi máa ń dá a lóhùn. Wọ́n á ní ọwọ́ rẹ̀ yá. Àwọn mìíràn á dìde lọ lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí mo ti kà lórí orin onígìtá ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọ̀rọ̀ orin, ohùn akọrin àti ìtàn ẹgbẹ́ ni a sábà máa ń yẹ̀ wò. Gbólóhùn kan péré ni ó máa ń kan ọwọ́ tó ṣe iṣẹ́ náà: ‘ìka rẹ̀ sáré’. A kì í ṣe báyìí sí onílù. Bí ó bá kan dùndún, a ó yẹ ọwọ́ tó di kọ̀ǹgọ́ mú wò, a ó yẹ ọwọ́ tí ń fún ọṣán wò, a ó sì sọ èyí tó kù díẹ̀ káàtó nínú méjèèjì. Kí ló dé tí a kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọwọ́ òsì onígìtá, ọwọ́ tí ń tẹ okùn, tí ń yan ohùn?

Ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ ìgbádùn etí lọ. Ohun tí àwùjọ bá ń yìn ni àwọn ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ máa ń lépa, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní òde àríyá ló sì ń ba ọwọ́ ara wọn jẹ́ nídìí ìlépa yìí. Èmi náà wà lára wọn nígbà kan rí. Mo gbé ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní òkè òkun síwájú. Ó ní kí n máa gbé ìka kọ̀ọ̀kan sókè fíofío kí n tó fi lu okùn, kí iṣan lè le. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe é. Kí oṣù kẹrin tó pé, n kò lè fi ọwọ́ òsì ṣí ìdérí ìgò omi mọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo ọwọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ta ju bí mo ṣe ń gbọ́ wọn lọ, èrò tí mo sì bá bọ̀ ni pé ọwọ́ òsì tó yára ni ọwọ́ tí kò ṣe ju ohun tí okùn béèrè lọ.

Ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ tí n ó pè ni Django Reinhardt. Liberchies, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1910, láàárín àwọn Romani, àwọn ènìyàn tí ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin ṣe ilé. Ní ọdún 1928, iná sẹ́ nínú ọkọ̀ tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé nítòsí Paris. Iná náà jó ọwọ́ òsì rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìka òrùka àti ọmọńdinrín fi ká kò, tí wọn kò sì nà dáadáa mọ́. Ẹni tí ọwọ́ òsì rẹ̀ rí báyìí, kí ni yóò tún fi gìtá ṣe? Síbẹ̀, ní ọdún 1934, òun àti Stéphane Grappelli, tí ń ta fayolíìnì, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Quintette du Hot Club de France sílẹ̀. Títí tí Django fi kú ní ọdún 1953, àwọn onígìtá tí ìka wọn pé ń sá tẹ̀lé e. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló bá a.

Àwọn tí ń sọ ìtàn yìí sábà máa ń sọ ọ́ bí iṣẹ́ ìyanu. N kò fara mọ́ ọn. Iṣẹ́ ìyanu kò ṣeé kọ́, ṣùgbọ́n ohun tí Django ṣe ṣeé wò, ó sì ṣeé ṣàlàyé. Fíìmù kúkúrú kan wà tí wọ́n yà ṣáájú ogun àgbáyé kejì, tí ọwọ́ òsì rẹ̀ hàn kedere nínú rẹ̀. Kò jókòó sí ojú kan lórí ọrùn gìtá kí ó máa fi ìka wọ́ láti okùn dé okùn, bí ìwé ṣe ń kọ́ni. Odidi ọwọ́ ló ń gbé lọ sókè sódò lójú ọ̀nà okùn, tí ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín sì ń tẹ̀lé ara wọn bí ẹsẹ̀ méjì ẹni tí ń rìn. Apá ló ń rin ìrìn tó jìn. Ìka kàn ń sọ̀ kalẹ̀ ni. Nígbà tí ó bá sì fẹ́ ta ohùn púpọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń fi àwọn ìka tó ká kò náà ti okùn tínrín lẹ́yìn. Ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó gbọ́ ‘Minor Swing’, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ọdún 1937. Ẹ ó rí i pé àwọn ìró tó ń gòkè kíákíá nínú rẹ̀ tẹ̀lé ọ̀nà tó rọ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́rùn. (Mo mọ ọmọ kan tó ti ìdí ìtàn yìí fi aṣọ di ìka méjì rẹ̀ pọ̀ láti fi dánra wò. Kì í ṣe ohun tí mò ń wí nìyẹn.)

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ara ènìyàn fúnra rẹ̀. Kò sí iṣu ẹran nínú ìka tó ń mú un tẹ̀. Inú apá, láàárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́, ni èyí tó tóbi nínú àwọn iṣu ẹran tí ń fa ìka wà. Àwọn kéékèèké wà ní àtẹ́lẹwọ́. Iṣan gígùn ni wọ́n fi ń fa ìka láti òkèèrè, bí ẹni tí ń fa okùn ọmọlángidi. Iṣan tí ń gbé ìka òrùka sókè sì so kọ́ ti àwọn ìka ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọwọ́. Bí ẹ bá ń jiyàn, ẹ gbé ọwọ́ lé orí tábìlì, ẹ ká ìka àárín sábẹ́ àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ wá gbìyànjú láti gbé ìka òrùka nìkan sókè. Agbára káká ni yóò fi mì. Ìwé tó ní kí a máa gbé ìka náà fíofío ń bá bí Ẹlẹ́dàá ṣe mọ ọ́n jà, ọwọ́ ọmọ ẹlẹ́ni-ẹlẹ́ni ló sì fi ń jà á.

Ìṣirò pàápàá ta ko ìwé náà. Bí ìlù bá ń lọ ní 120 ní ìṣẹ́jú kan, tí onígìtá sì ń ta ìró mẹ́rin sí ìlù kan, ìró 480 ni yóò ta láàárín ìṣẹ́jú kan, èyí tíí ṣe mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìka tó gbéra ní mílímítà 30 kúrò lórí okùn gbọ́dọ̀ rin ìrìn ìlọ́po mẹ́fà ti èyí tó gbéra ní mílímítà 5, àkókò kan náà sì ni wọ́n ní. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ agbára. Bí ìka bá tẹ okùn lẹ́bàá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá, èyí tí a ń pè ní fúrẹ́ẹ̀tì, ìtẹ̀ díẹ̀ ti tó. Bí ó bá jìnnà sí irin náà, àfi kí ó fipá tẹ̀ ẹ́ kí ó má baà máa hó. Ọ̀pọ̀ wa ń tẹ okùn bí ẹni tí ń fún ọsàn, àtàǹpàkò náà á sì máa ti ọrùn gìtá lẹ́yìn bí ẹni fẹ́ gún un yọ sí òdìkejì. Ìka tó ti há báyìí kò lè tètè kúrò níbi tó wà, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí ìka bá kúrò ni ìka tó kàn tó ráyè ṣiṣẹ́.

Ẹlẹ́rìí kejì súnmọ́ wa ju Paris lọ. Kita, ní ilẹ̀ Màlì, ni wọ́n ti bí Djelimady Tounkara, nínú ìdílé àwọn jeli, àwọn tí iṣẹ́ wọn jọ ti arọ́kin nílẹ̀ Yorùbá. Ngoni wà lára ohun tí ó fi dàgbà kí ó tó di ìlú-mọ̀ọ́ká onígìtá nínú ẹgbẹ́ Rail Band, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1970 ní hótẹ́ẹ̀lì ibùdókọ̀ ojú irin Bamako. Ngoni bá mólò àwọn Hausa tan: okùn rẹ̀ kò pọ̀, kò sí fúrẹ́ẹ̀tì lọ́rùn rẹ̀, ohùn rẹ̀ kì í sì í pẹ́ kí ó tó kú. Nítorí náà ni ọwọ́ òsì onígoni fi kọ́ láti máa dá okùn dún fúnra rẹ̀. Ìka á sọ̀ lu okùn tó ṣì ń gbọ̀n, ohùn tuntun á jáde. Bí ó bá ń kúrò, á fi orí ìka fa okùn náà díẹ̀, òmíràn á tún jáde. Ọwọ́ ọ̀tún ta ẹ̀ẹ̀kan, etí gbọ́ mẹ́ta.

Ẹ gbọ́ àwo rẹ̀ tó ń jẹ́ Sigui, tó jáde ní ọdún 2001, níbi tí kò ti sí ariwo iná mànàmáná tó lè bo ìka mọ́lẹ̀. Àwọn ìró tó ń ya wálẹ̀ bí òjò níbẹ̀, bí a bá ní ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni kí ó ta wọ́n, yóò rẹ̀ ẹ́ kí orin tó dé àárín. Ìtúsílẹ̀ ìka ti di ohùn lọ́wọ́ Tounkara. Mo gbà pé ibí yìí ni ó ti ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń fara wé e lọ. Wọ́n gba ọgbọ́n náà, wọ́n sì fi dí gbogbo àlàfo. Òun máa ń dúró kí akọrin parí ọ̀rọ̀ kí ó tó tú ọwọ́ sílẹ̀. Jeli kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu jeli.

Nípa jùjú, n kò ní pẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kà á mọ́ ọn. Bí a bá gbọ́ Juju Music tí King Sunny Adé gbé jáde ní ọdún 1982, a ó rò pé àwọn gìtá inú rẹ̀ ń sáré. Ẹ mú gìtá kan nínú wọn, kí ẹ máa fi etí tọ òun nìkan lẹ́yìn. Ìró mẹ́ta mẹ́rin ló ń tún ta, kò sì kánjú. Àárín gìtá kan sí èkejì ni eré wà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ òsì kan ṣoṣo kó gbogbo rẹ̀ mọ́ra kò gbọ́ orin náà dáadáa.

Ní ti ìdánrawò, mo fara mọ́ àwọn olùkọ́ tí ń bẹ̀rẹ̀ láti fúrẹ́ẹ̀tì keje dípò àkọ́kọ́. Lórí gìtá tí okùn rẹ̀ gùn tó mílímítà 650, àlàfo tó ṣáájú fúrẹ́ẹ̀tì kìíní tó nǹkan bíi mílímítà 36; èyí tó tẹ̀lé ìkejìlá kò ju 18 lọ. Ọmọ tí a ní kí ó ya ìka sí ibi tó fẹ̀ jù lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ti kọ́ líle kí ó tó kọ́ orin. Kí ó fi ìka sórí okùn láìtẹ̀ ẹ́, kí ó ta á, yóò gbọ́ ìró tó kú; kí ó wá máa fi ìtẹ̀ kún un díẹ̀díẹ̀ títí ohùn yóò fi mọ́. Ibẹ̀ ni kí ó dúró. Ìró mẹ́rin tàbí márùn-ún tó mọ́, tí a sáré ta, tí a sì sinmi lẹ́yìn rẹ̀, sàn ju wákàtí kan tí a fi ń fi ẹ̀rọ tí ń ka ìlù lé ara ẹni kiri. Bí ọrùn ọwọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, kí ó gbé gìtá sílẹ̀. Ìwé tí mo lò nígbà náà ní kí n máa forí tì í.

Ọdún kan àbọ̀ ni ọwọ́ mi fi bọ̀ sípò. Orin àkọ́kọ́ tí mo tún fi ta gìtá kò yára rárá, ìka mẹ́ta ni mo sì fi ta á, nítorí pé ọmọńdinrín kò tíì fẹ́ gbọ́ràn. Ẹnì kan tó jókòó nínú ilé bi mí pé ìgbà wo ni eré mi pọ̀ tó báyìí.